Íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù: Ṣé ó yẹ kí ìdílé Fante New Town kó gbogbo rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo?

Fante New Town jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà láàrin ìlú Kumasi, kò sì jìnnà sí Asafo. Bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú náà, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká pọ̀ níbẹ̀. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀pọ̀ ìdílé sì lè jọ máa lo ẹnu ọ̀nà kan, omi kan àti mítà iná kan. Ẹni tó bá gbójú sókè nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò rí àwo sátẹ́láìtì tó ju ẹyọ kan lọ lórí òrùlé: ti DStv, ti Multi TV tí kì í gba owó oṣooṣù, àti èyí tí ó ti dípẹtà tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Nísàlẹ̀, fóònù alágbèéká ló ń ṣe iṣẹ́ tẹlifóònù, iṣẹ́ báńkì àti iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pa pọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà jáde nínú ilé bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù: owó dátà, owó tẹlifíṣọ̀n, owó ìpè. Ní àwọn ìlú òkè òkun, ó ti lé lógún ọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan, kí wọ́n san owó kan, kí wọ́n sì gba ẹ̀dínwó. Ìpè kan náà ti ń dún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà báyìí, níbikíbi tí okùn fáíbà bá ti ń dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ni pé, èwo ló pọ́n owó kéré? Ìbéèrè tó tọ́ ni, àmọ́ òun kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún ilé tó wà ní Kumasi. Méjì mìíràn wà tó jù ú lọ. Kí ni yóò dákẹ́ pa pọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́? Ọ̀nà wo sì ni a ó gbà jáde lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kúrò?

Ènì tó ní iye tirẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá ti ná ọjà mọ ohun tí ènì jẹ́. Ìyá elérèé wọn tirẹ̀ tán, ó tún bu díẹ̀ lé e. Ní ọjà Kumasi, àwọn tó ń sọ èdè Twi a máa ní kí olùtajà "to so", kó fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ènì ọjà kò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀wà tòní kò bá jinná, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni a ó ti rà lọ́la. Ènì tí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń fúnni yàtọ̀, nítorí ó máa ń bá àdéhùn wá.

Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Free gbé àpótí rẹ̀ tó ń jẹ́ Freebox jáde lọ́dún 2002. Láìpẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n ń gba inú àpótí kan náà wọlé ní yúrò 29.99 lóṣù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NTL àti Telewest da pọ̀ lọ́dún 2006, wọ́n sì di Virgin Media lọ́dún 2007 pẹ̀lú fóònù alágbèéká gẹ́gẹ́ bí ìpèsè kẹrin. Sky tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ta íntánẹ́ẹ̀tì. BT tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlifóònù lọ ra ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù hàn, ó dá BT Sport sílẹ̀ lọ́dún 2013, ó sì fún àwọn oníbàárà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé Peckham tàbí Woolwich mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ̀dínwó ọdún àkọ́kọ́ tán, owó gòkè, ẹni tó dákẹ́ láì bá wọn fà á sì ń san ju aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Ní 2018, àjọ Citizens Advice gbé ẹjọ́ náà lọ bá àjọ CMA tó ń mójútó ìdíje láàrin àwọn oníṣòwò. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá ọdún náà, CMA sọ pé owó tí àwọn oníbàárà tó ti pẹ́ ń san lórí ohun tó yẹ kí wọ́n san nínú ọjà márùn-ún, tí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù alágbèéká wà lára wọn, tó bílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn lọ́dún. Láti oṣù Kejì 2020, Ofcom pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ máa sọ fún oníbàárà nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá fẹ́ parí. Ó di oṣù Kẹsàn-án 2024 kí ọ̀nà tó dé tí gbogbo ẹni tó fẹ́ yí íntánẹ́ẹ̀tì ilé padà yóò fi bá ilé iṣẹ́ tuntun nìkan sọ̀rọ̀, tí èyí yóò sì bá ti àtijọ́ parí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Orílẹ̀-èdè tó ní àjọ alágbára, ilé ẹjọ́ tó ń yá àti àwọn ìwé ìròyìn tó ń ṣe ìṣirò owó oníbàárà lójoojúmọ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lè ṣí ilẹ̀kùn tí àkópọ̀ tì. Bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá dé Kumasi lónìí, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ àjọ ara rẹ̀.

Orúkọ ń yí, okùn kò yí

Ọjà Ghana kò rí bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn èèyàn ló ń sanwó kí wọ́n tó lò. Ẹni tí kò bá rówó lóṣù yìí kò ra dátà púpọ̀, bọ́ọ̀lù bá sì ti parí, wọn kì í san owó dẹ́kódà. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọjà lè pe èyí ní àìlówó lọ́wọ́. Èrò tiwa ni pé agbára ni. Ẹni tó ń san owó lóṣooṣù láìsí àdéhùn ní ẹ̀tọ́ tí ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé ọdún méjì kò ní.

Síbẹ̀, àkópọ̀ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kódà láìsí ìwé owó kan ṣoṣo. MTN tí gbogbo ayé mọ̀ fún fóònù ló ń ta okùn fáíbà sí ilé, òun náà ló sì ni MoMo tó bẹ̀rẹ̀ ní Ghana lọ́dún 2009. Ní oṣù Kẹfà 2020, àjọ NCA tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Ghana kéde pé MTN ti lágbára ju bó ṣe yẹ lọ nínú ọjà, pé ó yẹ kí òfin pàtàkì dè é. Telecel ní tirẹ̀ jogún ìlà tẹlifóònù ilé àti íntánẹ́ẹ̀tì ilé tí ìjọba fi lélẹ̀ nígbà tó jẹ́ Ghana Telecom.

Ìtàn orúkọ náà fúnra rẹ̀ tó ohun tí a lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ghana Telecom bọ́ sọ́wọ́ Vodafone lọ́dún 2008, nígbà tí ìjọba ta ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní 900 mílíọ̀nù dọ́là. Telecel gba ìpín yẹn lọ́dún 2023, ó sì pa orúkọ dà ní oṣù Kejì 2024. Airtel àti Tigo da pọ̀ lọ́dún 2017. Ìjọba gbà á lọ́dún 2021. Ó di AT lọ́dún 2023. Ní 2025 ni ìjọba tún kéde pé orí nẹ́tíwọọkì Telecel ni àwọn oníbàárà AT yóò ti máa pè.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ẹnì kan tó ra síìmù AT sí ẹ̀gbẹ́ síìmù Telecel rẹ̀, kí ọ̀kan lè gbè é nígbà tí èkejì bá kọ iṣẹ́. Kò ṣe ohunkóhun, kò tọwọ́ bọ ìwé kankan, ọ̀nà méjì tó ní sì di ọ̀nà kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yan ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ wo abẹ́ orúkọ. Orúkọ méjì kì í ṣe ẹ̀rí pé òpó méjì ló wà.

Ilé àyágbé àti àdéhùn ọdún méjì

Òfin ilé yíyá ti Ghana, Act 220 ti ọdún 1963, kò fàyè gba kí onílé gba owó tó ju ti oṣù mẹ́fà lọ ṣíwájú. Gbogbo ẹni tó ti wá yàrá ní Kumasi mọ̀ pé ọdún kan tàbí méjì ni onílé máa ń bèèrè. Tí ọjọ́ bá pé, tí owó bá wọ́n jù, ayálégbé yóò kó ẹrù rẹ̀. Okùn fáíbà kò ní bá a kó. Ilé ni wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe èèyàn. Bí kò bá sí okùn ní àdúgbò tuntun, ayálégbé lè máa san owó ohun tí kò lè lò, tàbí kó san owó ìtanràn kó tó bọ́.

Àgbàlá tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé yìí, ẹnì kan ló máa ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn tó kù á sì máa dáwó sí i bí ẹni ń dá èsúsú. Ìgbékalẹ̀ tó dára ni, ó sì jẹ́ àkópọ̀ tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn ṣe. Bí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan bá ni ohun tí wọ́n jọ ń lò, ìjà rẹ̀ kò pọ̀: ẹni tí kò dá owó kò ní rí ọ̀rọ̀ aṣínà gbà. Ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n àti ìpè bá wọ inú ìwé owó kan náà, ta ni yóò san ti ìkànnì bọ́ọ̀lù tí ọ̀gbẹ́ni yàrá kejì ń wò, ta ni yóò sì san ti ìpè tí ìyá yàrá karùn-ún pè? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ilé iṣẹ́ yóò wá bá.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní dumsor. Tẹlifóònù onílà ti àtijọ́ máa ń gba iná tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ṣókùnkùn. Tẹlifóònù tó ń gba orí fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, tí ráútà kú, tẹlifóònù kú, íntánẹ́ẹ̀tì kú, tẹlifíṣọ̀n tó ń gba orí rẹ̀ kú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà báyìí bí wọ́n ṣe fẹ́ pa ìlà àtijọ́ tì ní oṣù Kìíní 2027. Ofcom ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ pèsè ọ̀nà tí àwọn tó gbára lé tẹlifóònù ilé yóò fi lè pe àwọn agbanisílẹ̀ fún wákàtí kan, ó kéré tán, nígbà tí iná bá lọ. Wákàtí kan! Ẹni tó ń gbé Kumasi tàbí Ibadan mọ ohun tí wákàtí kan jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ iná.

Ọjọ́ tí okùn já lábẹ́ òkun

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin tó wà lábẹ́ òkun, èyíinì WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní agbègbè etíkun Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dáwọ́ dúró tàbí ó falẹ̀ ní Côte d'Ivoire, Ghana, Benin, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn báńkì ní Nàìjíríà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà. Ní Ghana, NCA sọ pé ó kéré tán ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àtúnṣe yóò gbà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ rí i pé ọ̀nà tí wọ́n pè ní méjì tàbí mẹ́ta pàdé lábẹ́ omi. Ẹni tó ní MTN nílé àti Telecel lórí fóònù kò bọ́ pátápátá, nítorí orí àwọn okùn kan náà ni ẹrù àwọn ilé iṣẹ́ náà ń gbà jáde lọ sí òkè òkun.

Àmọ́ àwo tó wà lórí òrùlé kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú ọ̀run ni DStv àti Multi TV ti ń gba àwòrán wọn, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n ń fi okùn òkun ṣe. Ilé tó ní àwo ń rí ìròyìn nígbà tí ilé tó ti gbé gbogbo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wo ojú ara wọn. Ìpè lásán láàrin ìlú náà ṣì ń lọ. Èyí ni ìdí tó lágbára jù tí a fi rò pé kò yẹ kí ìdílé Fante New Town jẹ́ kí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba orí okùn kan ṣoṣo, kódà bí ẹ̀dínwó rẹ̀ bá dùn. Iye tí ọ̀nà kejì tó yàtọ̀ pátápátá níye lórí kì í hàn nínú ìwé owó àfi lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá já.

Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 2023 àti ní Ghana ní oṣù Kẹjọ 2024, ti fi ọ̀nà mìíràn kún un fún àwọn tó lè ra àwo rẹ̀. Òun náà ń jẹ iná o, owó ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ṣeé fi wé owó dátà tí èèyàn ń rà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí iye owó bá dá dúró

Ìdí kan tún wà tí àwọn tó ń ta àkópọ̀ kì í mẹ́nu bà. Iye owó tó dá dúró ṣeé wò, ó ṣeé fi wéra, ó sì ṣeé jà sí.

Lọ́dún 2025, mínísítà tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ ní Ghana, Sam George, gbé ìjà ko MultiChoice tó ni DStv. Ó ní kí wọ́n gé owó wọn ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò pàdánù ìwé àṣẹ. Ọ̀kan nínú ohun ìjà rẹ̀ rọrùn púpọ̀: ó gbé iye tí àwọn ará Ghana ń san sí ẹ̀gbẹ́ iye tí àwọn ará Nàìjíríà ń san fún àwọn ìkànnì kan náà, ó sì bèèrè ìdí tí ti Ghana fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa rọlẹ̀, owó kò dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ní àwọn oníbàárà yóò máa rí àwọn ìkànnì ìpele tó ga ju tiwọn lọ ní iye tí wọ́n ti ń san tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà rẹ́rìn-ín lásìkò yẹn. Ní oṣù Kẹta 2025 náà ni owó Compact gòkè láti náírà 15,700 sí 19,000, tí àjọ FCCPC sì ránṣẹ́ pe ilé iṣẹ́ náà kó wá ṣàlàyé. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí ni pé nínú ìjà méjèèjì, gbogbo èèyàn mọ iye tí tẹlifíṣọ̀n ń jẹ. Bó bá jẹ́ pé inú àkópọ̀ ni DStv wà pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpè, kí ni mínísítà ìbá fi wé kí ni? Ilé iṣẹ́ lè ní tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló wọ́n, íntánẹ́ẹ̀tì ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè yí i padà. Àkópọ̀ kò fi iye owó pa mọ́ fún ìdílé nìkan, ó ń fi í pa mọ́ fún ìjọba pẹ̀lú.

Fóònù ti di àpò owó

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fóònù ni a gbà nímọ̀ràn pé kí ó dá wà láìsí àríyànjiyàn. Láti ọdún 2021 ni ìjọba Ghana ti bẹ̀rẹ̀ sí í so nọ́ńbà fóònù mọ́ Ghana Card. Orí nọ́ńbà yìí ni owó MoMo wà, òun ni oníbàárà fi ń mọ oníṣòwò, òun ni ilé ìwé ọmọ fi ń pe òbí. Ohun tó ṣe pàtàkì tó báyìí kò yẹ kó wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú gbèsè íntánẹ́ẹ̀tì tàbí àríyànjiyàn lórí dẹ́kódà.

Òfin wà tó gbe ẹni tó bá fẹ́ kúrò. Láti oṣù Keje 2011 ni ará Ghana ti lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, Nàìjíríà sì ṣe irú rẹ̀ ní 2013. Láti oṣù Karùn-ún 2018 ni owó ti lè rìn láàrin àpò MoMo ilé iṣẹ́ kan àti ti òmíràn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ló ń rìn. Àpò owó kì í tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gbé nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó owó inú rẹ̀ kúrò.

Fún àwọn Yorùbá tó wà ní Kumasi, ọ̀rọ̀ ìpè tún ní ojú mìíràn. Wọn kì í ṣe àlejò àná níbẹ̀. Kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò láti Ogbomoso, Ejigbo, Offa àti Inisa ti pọ̀ ní ọjà ìlú náà, àwọn kan sì padà wá lẹ́yìn náà. Ìbátan wọn wà ní ìkọjá ibodè. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba pe ilé, dátà sì ni wọ́n fi ń pè. Nítorí náà, ìṣẹ́jú ìpè ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àkópọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lè jẹ́ ohun tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ní lò rárá. Ẹ̀dínwó lórí ohun tí a kò rà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dínwó.

Níbi tí àkópọ̀ ti lérè

Kò yẹ ká sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ibi tó ti dára. Ìdílé tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí òbí kan ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tó sì ní bátìrì tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tó ń gbé ráútà, lè rí èrè nínú kíkó íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀, bí àdéhùn náà bá jẹ́ ti oṣooṣù. Ènìyàn kan ṣoṣo ni wọn yóò pè bí nǹkan bá bàjẹ́, kò sì ní sí pé ti ìhín ń ti ẹ̀bi sí ti ọ̀hún. Ìtura gidi nìyẹn fún ẹni tó ti pe ilé iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan náà lórí àṣìṣe kan.

Àmọ́ kí wọ́n tó gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò ọdún kan, kì í ṣe ti oṣù kan. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé kan ń san 300 cedi fún íntánẹ́ẹ̀tì, 150 fún tẹlifíṣọ̀n, 100 fún ìpè, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 550. Ilé iṣẹ́ kan ní kí wọ́n mú 450 wá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrè 1,200 cedi lọ́dún ló jọ lójú. Ṣùgbọ́n bí ìdílé náà bá jẹ́ pé oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n ń san owó tẹlifíṣọ̀n lọ́dún, èrè náà ti di 600. Bí wọ́n bá máa ń lọ sí ilé ní Nàìjíríà fún oṣù kan tí wọn kì í sì í san owó íntánẹ́ẹ̀tì, ó di 300. Bí ilé iṣẹ́ náà bá wá fi 30 cedi péré lé owó oṣooṣù, 360 lọ́dún, wọ́n ti ń jẹ gbèsè 60 cedi láìmọ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀tọ́ àtidúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sílẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ ìránṣẹ́ MoMo tó wà lórí fóònù fún ọdún kan sẹ́yìn ti tó láti fi ṣe irú ìṣirò yìí. Iye tí ìdílé san ní tòótọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú oṣù tí wọn kò san.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní pẹ́ gbóná sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé parí rírà MultiChoice. Ní Lomé, tí kò jìnnà sí ibodè Ghana, Canalbox ti wà láti ọdún mélòó kan, íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà tí ilé Vivendi tó ni Canal+ nígbà náà dá sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀lù tó sì mọ bí a ṣe ń ta okùn ti di aládùúgbò. Bí àkópọ̀ irú rẹ̀ bá dé Kumasi, NCA ní agbára láti pàṣẹ pé kí iye ohun kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ nínú ìwé owó, kí oníbàárà sì lè yọ ọ̀kan kúrò láìfọwọ́ kan èyí tó kù. Ẹni tí akọ̀wé ilé iṣẹ́ bá gbé ìwé fún lónìí lè bèèrè nǹkan méjèèjì yìí fúnra rẹ̀, kó sì fi ẹ̀kẹta kún un: ta ni yóò ni ráútà àti dẹ́kódà lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí?